Ẹ má fi gbogbo ẹ̀bi iyọ̀ inú odò ru àpáta

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹnìkan kọ̀wé sí yín láìpẹ́ yìí pé àpáta òkè Ẹ̀fọ̀n ló ń tú iyọ̀, ìyẹn àwọn èròjà tó ń yòrò sínú omi, sínú odò wa, òun ni ọṣẹ kò fi ń hó dáadáa lọ́wọ́ àwọn ará ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ gbèjà àpáta.

Olùkọ́ kẹ́mísírì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìpólé-Ìlórò. Omi tó ń ṣàn wá láti Àrìntà, ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fi kẹ́tù kan ṣoṣo sè é, inú kẹ́tù náà ṣì ń dán. Àbúrò mi tó ń mu omi kàǹga l'Ádó, èépá funfun ti lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù tiẹ̀, ó nípọn bí èékánná. Òkúta tí wọ́n ń pè ní quartzite ló pọ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n tiwa. Omi kì í tètè rí i jẹ. Lábẹ́ Adó àti Ìkẹ́rẹ́, granite àti charnockite ni, hóró òkúta kan tí wọ́n ń pè ní feldspar sì wà nínú wọn. Ìyẹn ni omi ń jẹ. Gbòǹgbò àti ewé tó ń jẹrà ń tú afẹ́fẹ́ carbon dioxide sínú ilẹ̀, òjò á gbé e, omi á kan díẹ̀, á máa họ òkúta. Kálísíọ̀mù (òun ló ń di èépá nínú kẹ́tù, tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó) àti sódíọ̀mù á bá omi lọ, ìyókù á di amọ̀. (Amọ̀ tí àwọn ìyá wa n'Ísàn fi ń mọ ìkòkò, àjẹkù omi ni.)

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká dé inú igbó. Ẹ gbé abọ́ méjì síta lọ́jọ́ òjò, ọ̀kan ní gbangba, ọ̀kan lábẹ́ igi ńlá. Ti abẹ́ igi á pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, pọ̀tásíọ̀mù inú rẹ̀ á sì ju ti gbangba lọ fíìfíì. Omi yẹn ò tíì fojú kan àpáta rárá! Ẹni tó bá ti fi eérú èèpo kòkó ṣe ọṣẹ dúdú rí mọ pọ̀tásíọ̀mù yìí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Gbòǹgbò á fà á, ewé á dá a padà, gbòǹgbò á tún fà á. Ọyẹ́ náà ń gbé eruku tiẹ̀ wá láti ìhà Chad, òjò àkọ́rọ̀ á sì fọ̀ ọ́ sódò.

Chloride tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀ ńkọ́? Kò tó nǹkan nínú òkúta wa. Òjò ló ń gbé e bọ̀ láti òkun. Nítorí náà, bó bá kéré lókè ìlú, tó wá fò sókè nígbà tí odò kọjá ìlú tán, ṣáláńgá ni kí ẹ lọ wò, torí iyọ̀ tí a jẹ ló ń gba ibẹ̀ dé odò.

Àwọn tí mo rí tó wá yẹ odò wa wò, ìgò kan péré ni wọ́n bù lábẹ́ afárá, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tó jẹ́ pé omi tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ ló ń ṣàn. Kí wọ́n bu ti òjò, ti abẹ́ igi, ti orísun àti ti ẹ̀yìn ìlú, kí wọ́n sì padà wá lásìkò òjò. Abọ́ méjì wà nílé mi, mi ò ní gba owó lórí wọn. Kí wọ́n ṣáà mú ìgò dání.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìpólé-Ìlórò, Ìpínlẹ̀ Èkìtì