Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi: gígbọ́ àti gbígbọ́

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní ẹni tó ń darí ìwádìí rẹ sọ pé ayé ti kọjá lára lọ́jíìkì, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà máa fi òfin tí ènìyàn lè kà ṣiṣẹ́, pé neural network nìkan, ìyẹn ètò tó ń fi ògọ̀ọ̀rọ̀ nọ́ńbà pa ohun tó kọ́ láti inú àpẹẹrẹ mọ́, ni kí o gbájú mọ́, o sì bi mí bóyá òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí mi ò fẹ́ kí o ju nǹkan yìí nù kí o tó mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi fúnra mi rí.

Lóṣù tó kọjá, mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wá òfin tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ ní èdè wa. O mọ̀ ọ́n: lọ di lílọ, jẹ di jíjẹ, sùn di sísùn, kọ di kíkọ. Àpẹẹrẹ mẹ́jọ péré ni mo kọ sílẹ̀. Mo tún kọ́ kọ̀ǹpútà náà bí a ṣe ń yọ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ àti bí a ṣe ń so lẹ́tà pọ̀. Kò pẹ́ tó fi gbé òfin kan jáde, ìlà kan ṣoṣo: mú lẹ́tà àkọ́kọ́, fi fáwẹ́lì í tẹ̀lé e, kí o wá gbé odindi ọ̀rọ̀ náà tì í. Inú mi dùn gan-an. Mo gbé gbọ́ fún un, ó dá mi lóhùn: gígbọ́. Mo gbé ṣe fún un, ó ní síṣe.

Àṣìṣe méjì yìí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ wò. Ohun tí mo fún ẹ̀rọ ló lò. Èmi ni mi ò sọ fún un pé ìró kan ni gb, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà méjì la fi ń kọ ọ́. Ti ṣe ló pẹ́ kó tó yé mi: nínú fáìlì mi, s dá wà, àmì abẹ́ rẹ̀ náà dá wà, nítorí náà s nìkan ni ẹ̀rọ rí. Mi ò wá ẹgbẹ̀rún àpẹẹrẹ kún un. Mo fi ìlà méjì kún ìmọ̀ tó ní lọ́wọ́, pé kọ́ńsónáǹtì kan ni gb, kọ́ńsónáǹtì kan ni ṣ. Mo fi gbọ́ àti ṣe sáàárín àpẹẹrẹ, mo ní kó tún bẹ̀rẹ̀. Òfin tó gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kò sọ "lẹ́tà àkọ́kọ́" mọ́, "kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́" ló sọ. (Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀, ìyẹn náà sì gbà mí lọ́wọ́ wàhálà.) Mo ka òfin náà fún ẹnì kan tí kò kọ́ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà rí, ó sì yé e.

Ká ní neural network ni mo lò, tó sì sọ pé gígbọ́, inú nọ́ńbà wo ni ǹ bá ti lọ wá àṣìṣe yẹn?

Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú wa kò tilẹ̀ ya lọ́jíìkì kúrò lára èdè. Nígbà tí Alain Colmerauer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe Prolog, èdè tí a fi lọ́jíìkì kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní Marseille ní 1972, bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe gbọ́ èdè Faransé ló wà lọ́kàn wọn. Ní 1991 ni Stephen Muggleton sọ ẹ̀ka tiwa yìí, kí kọ̀ǹpútà máa ti inú àpẹẹrẹ wá òfin lọ́jíìkì fúnra rẹ̀, ní Inductive Logic Programming.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ti Raymond Mooney àti Mary Elaine Califf ní 1995, lórí bí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń yí padà fún ìgbà tó ti kọjá. Rumelhart àti McClelland ti fi neural network gbìyànjú rẹ̀ ní 1986. FOIDL ni Mooney àti Califf pe ètò tiwọn. Ṣe ni ó ń to òfin ní ẹsẹẹsẹ: àwọn ọ̀rọ̀ olórí kunkun bíi "go" tó di "went" wà lókè, òfin tó kárí gbogbo ayé, ìyẹn "-ed", wà nísàlẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ mu ló ń ṣiṣẹ́. Ibi tó wú mi lórí ni pé kò sẹ́ni tó kọ àpẹẹrẹ àṣìṣe fún un. Wọ́n kàn gbà pé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ kan gbà ń yí padà ti pé sínú àkọsílẹ̀. Ohunkóhun mìíràn tí òfin bá gbé jáde fún ọ̀rọ̀ yẹn, àṣìṣe ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún tèmi.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni John Zelle àti Mooney gbé ètò CHILL jáde, tó ń sọ ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì nípa ilẹ̀ Amẹ́ríkà di ìbéèrè Prolog. Àádọ́ta-lé-nígba ìbéèrè ni wọ́n kó jọ fún un, ó sì borí Geobase, ètò irú rẹ̀ tí ènìyàn fọwọ́ kọ. Ronú sí iye yẹn, ìwọ tí ò ń sunkún pé dátà rẹ kéré.

Mi ò ní tàn ọ́ o. Tí ìmọ̀ tí o kó fún ẹ̀rọ bá pọ̀ jù, iye òfin tó ní láti yẹ̀ wò á di rẹpẹtẹ, á sì pẹ́ títí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ láìfi àmì sí ń dà á láàmú, torí bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ ni lọ́jíìkì mọ̀. Nítorí èyí ni Richardson àti Domingos ṣe fi ìwọ̀n, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí òfin ṣe lágbára tó, sára òfin kọ̀ọ̀kan nínú Markov logic ní 2006. Tí o bá sì fẹ́ kí ẹ̀rọ máa túmọ̀ odindi ìwé, neural network ni kí o lò. Mi ò bá ọ̀gá rẹ jiyàn níbẹ̀.

Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé orí bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ nínú èdè tí ìwé rẹ̀ kò pọ̀, jọ̀ọ́, gbìyànjú èyí ná. Mo ti fi fáìlì mi ránṣẹ́. Kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ṣ tìrẹ jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà, fi ogún ọ̀rọ̀-ìṣe bíi kọrin àti kàwé ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ohun tí o máa ń sọ: kíkọrin ni àbí orin kíkọ? Òfin tèmi kò tíì mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.