Ẹ Kọ́ Òṣìṣẹ́ Ọkọ̀ Pàjáwìrì ní Èdè Iṣẹ́ Wọn

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ pàjáwìrì gbé ìyá mi, tí ó ní àtọ̀gbẹ, dé ilé ìwòsàn kan. Ó ń làágùn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n "hyperglycemia" (kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga jù) ni òṣìṣẹ́ náà kọ sínú ìwé dípò "hypoglycemia" (kí ó lọ sílẹ̀ jù). Nínú èdè Gíríìkì, ìsàlẹ̀ ni "hypo", òkè ni "hyper". Ẹni tí ṣúgà ara rẹ̀ lọ sílẹ̀ nílò ṣúgà kíákíá, bẹ́ẹ̀ ínsúlínì, oògùn tó ń dín ṣúgà kù tí wọ́n ń fún ẹni tí ṣúgà tirẹ̀ ga, lè pa á. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì tí ó tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò! Mo bẹ ìjọba kí wọ́n fi irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣáájú nínú ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.