Owó ìtọ́jú Màmá: lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi ní Òṣogbo

Leeds, Ìlú Ọba

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú wọn. Mo gbọ́ gbogbo iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi lórí fóònù, mo sì mọ̀ pé ìdákẹ́ mi láti ọjọ́ 9 yìí ti ń dùn yín. 350,000 náírà tí ẹ béèrè láti fi gbé Màmá lọ sí ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ ọ̀nà Ìkìrun fún oṣù 3, n kò fi ránṣẹ́, n kò sì ní fi ránṣẹ́. 280,000 náírà ni mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó wà fún, kí ẹ má baà rò pé mo ya ahun sí ìyá tó bí mi.

Ẹ ní oníṣègùn náà sọ pé kí ẹ dá oògùn òyìnbó dúró, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán. Kí ni ó rí tí àwòrán ọpọlọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ CT scan yà kò fi hàn? Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ya fọ́tò èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá òsì ọpọlọ ló dí, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún fi rọ, tí ọ̀rọ̀ sì há sí wọn lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ti ń gbé kiri láti bí ọdún 10, tí wọ́n ń lo oògùn rẹ̀ kìkì nígbà tí orí bá ń fọ́ wọn, ló ba iṣan náà jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn níbì kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn náà dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ má sì ra òmíràn kún un ní kẹ́mísì láìbéèrè, nítorí pé aspirin tí dókítà kọ fún wọn torí pé iṣan dí, ìbá jẹ́ ewu ńlá fún wọn ká ní iṣan ló bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ tú sínú ọpọlọ.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún yín. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ tí Màmá ṣubú, wọ́n pè mí. Wọ́n ní ọmọ-orógùn bọ́ lọ́wọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń ro àmàlà, pé ọwọ́ ọ̀tún wọn kú, ahọ́n wọn sì wúwo, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì wákàtí tí gbogbo rẹ̀ fi lọ. Mo ti wọ bàtà, mo ń sáré lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Mo ní kí wọ́n lọ sinmi, pé àárẹ̀ ni. Èmi tí mo ń fọ ẹnu fún àwọn tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ lálaalẹ́, tí mo mọ̀ dájú pé èyí tó wá tó sì lọ bẹ́ẹ̀ ìkìlọ̀ ni, àti pé ọjọ́ díẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù! Ọjọ́ 4 péré ló wà láàárín. Nítorí náà, kì í ṣe pé mo ń di ẹ̀bi rù yín.

Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ béèrè: láti aago 6 àárọ̀ tí ẹ bá wọn nílẹ̀, kí ló dé tó fi di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó gbé wọn kúrò ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun? Ta ló ní kí ẹ fi ṣíbí fún wọn ní àgbo? Ọ̀fun ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú lè má mọ nǹkan gbé mì mọ́, ohun mímu a sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ìdí tí wọ́n fi ń wúkọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Níbí, a kì í fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní omi lásán títí wọn yóò fi yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ yìí pé bí ẹnu bá wọ́, bí apá kan kò bá ṣeé gbé sókè, tàbí bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́, kí a pe áńbúláǹsì lójú ẹsẹ̀. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì wà, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀ sí ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà ń fún ènìyàn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya àwòrán ọpọlọ.

Owó tí mo fi ránṣẹ́ wà fún oògùn oṣù 3, fún físíò, ìyẹn ẹni tí ń fi eré ìdárayá tọ́jú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó rọ, tí yóò máa wá sílé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, àti fún ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Gbẹ́rẹ́ kò lè jí ọwọ́ náà. Apá ọpọlọ tó kù ni a ó kọ́ ní iṣẹ́ èyí tó bàjẹ́, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ni ara sì máa ń gbọ́ jù. Oṣù wọ̀nyí gan-an ni ẹ fẹ́ fi wọ́n pamọ́ sí ọ̀nà Ìkìrun! Àdúrà, ẹ máa gbà á, èmi náà ń gbà á. Bí owó bá sì tán kí oṣù 3 tó pé, ẹ sọ fún mi, mo ti gba iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ 2 kún ti tẹ́lẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí láàárín àwọn ènìyàn Nàìjíríà àti Gánà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2018. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú nínú ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀, àìjẹ ẹ̀fọ́ tó àti bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ tó ti jinná sì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ pọ̀ nínú ọbẹ̀ wọn, kí iyọ̀ gbogbo ọjọ́ kan má kún ṣíbí tíì, kí ẹ sì rántí pé iyọ̀ wà nínú mágí.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ti pé ọdún 52, ìyá kan náà ló bí wa. Ìgbà wo ni ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tiyín kẹ́yìn? Bí ẹ bá ti ra ẹ̀rọ náà, ẹ jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fi wọ apá yín kí ẹ tó fi wọ ti Màmá, kí ẹ sì fi nọ́ńbà tó bá hàn fún ẹ̀yin méjèèjì ránṣẹ́ sí mi kí n tó lọ síbi iṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé.

Èmi ni àbúrò yín.