Ẹ má fi orúkọ Wu Cheng'en ṣe òkodoro

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú mi dùn bí mo ṣe rí i pé ẹ fi odidi ojú-ewé kan sọ ìtàn Sun Wukong, ọba ọ̀bọ, fún àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà níbẹ̀ tí n kò lè dákẹ́ sí. Ẹ ní Wu Cheng'en, òǹkọ̀wé ará Ṣáínà kan, ló kọ Xiyouji, ìwé àtijọ́ tí ìtàn náà ti wá, ẹ sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé náà tán lọ wá èyí tí Arthur Waley túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀dà ìwé náà tí wọ́n tẹ̀ ní Nanjing ní Ṣáínà ní ọdún 1592 kò ní orúkọ òǹkọ̀wé lára. Chen Yuanzhi tó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ gan-an sọ pé òun kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ó sì ti tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá tí Wu ti kú nígbà náà. Fún ìgbà pípẹ́, Qiu Chuji, àlùfáà ẹ̀sìn Dao, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ṣáínà gbà pé ó kọ ọ́, torí pé ìwé mìíràn wà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, tó sọ bí Qiu ṣe rìnrìn-àjò lọ bá Genghis Khan. Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni Hu Shi àti Lu Xun, ọ̀mọ̀wé méjì ní Ṣáínà, gbé Wu lárugẹ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́. Kí ni ẹ̀rí wọn? Ìwé ìtàn ìlú Huai'an, ìlú Wu, ka Xiyouji mọ́ àwọn iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sọ irú ìwé tó jẹ́. Nígbà tí Huang Yuji ń ṣe àkójọ orúkọ ìwé lẹ́yìn ìgbà náà, àárín àwọn ìwé tó ń ṣàlàyé ilẹ̀ àti ìlú ló fi ti Wu sí! Bóyá Wu náà ni o. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí “bóyá” yẹn hàn, nítorí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gé ìwé ìròyìn yín pamọ́.

Ọ̀rọ̀ Waley ló ká mi lára jù. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dùn, mo sì fi kọ́ ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n orí 30 péré ló mú nínú 100 nígbà tó gbé e jáde ní 1942. Kò sí òkè tó ń jó, kò sí obìnrin tó ni abẹ̀bẹ̀ tó lè pa iná rẹ̀. Kò sí iwin eegun funfun tó mú kí Xuanzang, àlùfáà tí Sun Wukong ń sìn lọ wá ìwé mímọ́ ẹ̀sìn Búdà, lé e kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìyà 81 ni Xuanzang gbọ́dọ̀ jẹ kí ìrìn-àjò náà tó parí. Nígbà tí Guanyin, ẹni ọ̀run aláàánú nínú ẹ̀sìn Búdà, kà á tó jẹ́ 80, ńṣe ló ní kí wọ́n fi ọ̀kan kún un.

Waley tún yọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ewì rẹ̀. Nínú ìwé yìí, ẹni tó fẹ́ jà á kọ́kọ́ ki ara rẹ̀ ná: ibi tó ti wá, ipò tó wà lọ́run rí, bí ohun ìjà rẹ̀ ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Zhu Bajie, ẹlẹ́dẹ̀ tó ń bá wọn rìn, ki irin eléyín mẹ́sàn-án tó fi ń jà títí. Yorùbá wo ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní mọ̀ pé oríkì ni? Ẹ yọ ọ́ kúrò, ìjà lásán ló kù.

Anthony Yu, ọmọ Hong Kong, tí òun náà túmọ̀ ìwé yìí sí Gẹ̀ẹ́sì, kò yọ ọ̀kankan. Ìdìpọ̀ mẹ́rin ni tirẹ̀, Yunifásítì Chicago tẹ̀ ẹ́ láàárín 1977 sí 1983, ó sì tún un ṣe ní 2012. W. J. F. Jenner náà túmọ̀ odidi rẹ̀. Beijing ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ti Yu ni mo ń kà fún àwọn ọmọ-ọmọ mi, tí mo ń yí i sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á lọ. Ibi ewì ni wọ́n máa ń ní kí n tún kà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Wọ́n ń kọ́ èèyàn ní èdè Ṣáínà ní Yunifásítì Èkó. Ẹ wá ọ̀kan nínú àwọn tó ti kọ́ ọ, kó gbé ìtàn yìí láti èdè Ṣáínà bọ́ sí Yorùbá tààrà, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ewì inú rẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ láti orí 59, níbi òkè tó ń jó.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì,
Abẹ́òkúta