Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, kó tó wọṣẹ́ ní Alabama

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ayọ̀ ń bẹ lóhùn rẹ lánàá nígbà tí o pè pé wọ́n ti fún ọ ní fẹ́lóṣíìpù ọdún méjì náà, iṣẹ́ lọ́yà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹ̀rù níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bàbá rẹ ṣì ń ṣírò owó oṣù tí o kọ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì lọ́yà olówó yẹn. Òótọ́ ló ń sọ, má bá a jiyàn. Ìwọ ṣáà tètè mójú tó gbèsè ilé-ìwé rẹ. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba tàbí àjọ tí kì í wá èrè, tó sì san gbèsè náà nígbà ọgọ́fà, ìyẹn 120, lóṣooṣù, ìjọba á fi ìyókù jì í. Ọdún mẹ́wàá nìyẹn. Fẹ́lóṣíìpù tìrẹ, méjì péré. Bí ọdún kejì bá ti wọlé, béèrè lọ́wọ́ àjọ tó gbà ọ́ bóyá owó wà tí wọ́n lè fi dá ọ dúró.

Kì í ṣe ti owó ló mú mi jókòó kọ̀wé. O mọ̀ pé akọ̀wé kóòtù ni mí n'Íbàdàn kí a tó kó wá sí Houston. Ìyá àgbà kan gbé ìwé ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan. Ó wé e sínú ọ̀rá, ó tún fi gèlè dì í ní kókó. Ó ń tú kókó náà lọ́wọ́ ni lọ́yà rẹ̀ sọ pé, “Mama, mo ti mọ gbogbo ẹ̀.” Ìyá tún gèlè náà dì, ó gbé e lé itan. Ìgbà tí ẹjọ́ ti dà lé e lórí tán ni a rí i pé inú ọ̀rá yẹn ni rìsíìtì tí adájọ́ ń béèrè wà. Èmi náà jókòó níbẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Ó ń dùn mí dòní.

Ọmọ mi, jẹ́ kí àwọn tó bá gbé ẹjọ́ wá bá ọ tú ẹrù wọn. Bó gba wákàtí kan, jókòó tì wọ́n.

Ṣé o mọ ti Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis? Ọmọ Yorùbá ni, láti ibi tó di orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Ọkọ̀ ẹrú Clotilda ló gbé e dé Mobile ní 1860, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti 1808. Lẹ́yìn òmìnira, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ra ilẹ̀, wọ́n tẹ Africatown dó. Ní 1874, òun àti àwọn méjì mìíràn lọ dìbò. Timothy Meaher tó ni ọkọ̀ Clotilda ní kí àwọn tó ń gba ìbò má gbà wọ́n. Wọ́n lọ sí ibòmíràn, ó tún lọ dí wọn lọ́nà. Wọ́n bá fẹsẹ̀ rìn wọ Mobile, wọ́n san dọ́là kọ̀ọ̀kan, wọ́n dìbò, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀.

Ìjà yẹn ò tíì tán. Òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò dé ní 1965. Ẹjọ́ tí Shelby County, ní Alabama yìí kan náà, pè ló gba eyín lẹ́nu rẹ̀ ní 2013. Ní 2023, àwọn olùdìbò aláwọ̀ dúdú Alabama jàre níwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ lórí bí wọ́n ṣe pín àgbègbè ìdìbò. Nítorí náà, má retí pé ọdún méjì tìrẹ ló máa parí ẹ̀. Constance Baker Motley tó di adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní 1966, akọ̀wé òfin ló fi bẹ̀rẹ̀ ní LDF, àjọ àwọn lọ́yà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, ní 1945, tó ń ka fáìlì ẹjọ́ àwọn sójà. Bí wọ́n bá ní kí o lọ gba ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn sílẹ̀ ní abúlé kan tó jìn, lọ, kí o sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Bí o bá ráyè dé Mobile, itẹ́ òkú Plateau ni wọ́n sin Kossola sí ní 1935. Bá mi kí i, ní Yorùbá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní òun á wà ọ́ lọ lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti di gàrí àti èlùbọ́ sínú àpótí búlúù.

Ìyá rẹ