Sàídì, bá mi dá sí ọ̀rọ̀ Fàrúkù

Sàídì ọ̀rẹ́ mi,

Àsàláámù àléékù. Ṣé dáadáa lo wà? Fóísì ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́, àmọ́ Fàrúkù wà ní pálọ̀, o sì mọ bí etí ọmọ yẹn ṣe mú, ni mo bá kúkú jókòó tẹ̀ ẹ́. Ìyá wa l'Ọ́jà-Ọba ti gbádùn, ẹsẹ̀ tó wú yẹn ti lọ sílẹ̀. Ti àgbò Iléyá, jẹ́ ká má sọ ọ́, èyí tó o rí nínú fọ́tò yẹn, ìwo ẹ̀ pọ̀ ju ẹran ara ẹ̀ lọ.

Fàrúkù gan-an lọ̀rọ̀ wà. Látìgbà tó ti parí WAEC ni mo ti ń mú un lọ sídìí òfì. Mi ò ní dandan ni kó fi jẹun o, ayé ti yàtọ̀, àmọ́ ohun tí bàbá mi fi ìdí òfì kọ́ mi, mi ò mọ ibòmíì tí mo ti lè fi kọ́ ọ. Tí òwú bá já, á fẹ́ fò ó kọjá, á ní kò hàn. Mo ní lóòótọ́, kò lè hàn báyìí torí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jáde, àmọ́ ọjọ́ tí télọ̀ bá so gbogbo ẹ̀ pọ̀ di agbádá, ibẹ̀ ni gbogbo ará òde á máa wò. Ìyẹn yé e. Ó padà síbẹ̀, ó so ó. Ká sòótọ́, ọwọ́ ẹ̀ dáa ju tèmi lọ nígbà tá a wà lọ́jọ́ orí ẹ̀, ìwọ náà kúkú mọ̀, ìwọ lo máa ń bá mi tú gbogbo ẹ̀ kí bàbá tó dé.

Wàyí o, obìnrin kan láti Òmù-Àrán kó òwú wá ká fi hun ẹtù fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀. Nígbà tá a parí, òwú ṣẹ́ kù, tó o bá ká a jọ kò ju ọsàn kan lọ. Mo ní kí Fàrúkù kó o sínú ọ̀rá pẹ̀lú aṣọ. Ó ní, "Bàbá, ta ló máa mọ̀?" Mo ní àmáánà ni, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ wa ni. Ó rẹ́rìn-ín. Sàídì, ẹ̀rín yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí kì í ṣe ẹ̀rín àfojúdi, ẹ̀rín ẹni tí àánú mi ń ṣe ni.

Bàtà wá dé. Ọmọ tí mi ò tíì fún ní kọ́bọ̀ wọ bàtà funfun wọlé, mo bi wọ́n lọ́jà Post Office iye tí wọ́n ń tà á, ẹnu mi ò lè pe owó yẹn. Ó ní graphics lòun ń ṣe fáwọn èèyàn lórí fóònù. Ìyá ẹ̀ ní ká dúpẹ́. Mo dúpẹ́, àmọ́ oorun ò kùn mí. O mọ bí àdúgbò Tanke ṣe rí báyìí, ọmọ kékeré tí kò níṣẹ́ kan pàtó á gba ilé, á ra mọ́tò, ọjọ́ tí EFCC bá wá kan ilẹ̀kùn, bàbá lẹnu gbogbo ìlú á wà lára ẹ̀. Mi ò sọ pé ó ń ṣe yahoo o, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ó ń kírun, ó ń dọ̀bálẹ̀ fágbà. "Ta ló máa mọ̀" yẹn ló ń dẹ́rù bà mí.

Jọ̀ọ́, ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà, ó sì ń bẹ̀rù ẹ jù mí lọ. Pè é lórí fídíò, má sọ pé èmi ni mo ní kó o pè. Ní kó ṣí iṣẹ́ yẹn kó o rí i, bi í pé ta ló ń sanwó, báwo lowó ṣe ń wọlé. Tó bá jẹ́ òótọ́, ká jọ dáwó ra kọ̀ǹpútà fún un, màá fi òfì sílẹ̀ fún un ní Sátidé nìkan. Tó bá jẹ́ irọ́, má bò ó mọ́ mi lójú nítorí pé ó ń pè ẹ́ ní Dádì Kánádà. Fóònù tó o ṣèlérí fún un yẹn ńkọ́, jẹ́ kó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ ná.

Ẹ̀yìn Ìṣáì ló máa ń wà nílé, ìyẹn bí aago 3 ọ̀sán lọ́dọ̀ yín. Má pè lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà o, kò ní gbé e.

Èmi ni,
Bàbá Fàrúkù