Kí NCC kọ́kọ́ bi wọ́n: ìkànnì wo ni?

Sí Olóòtú,

Láti ìgbà tí Airtel Africa ti kéde ní oṣù Kejìlá 2025 pé òun àti SpaceX, iléeṣẹ́ Elon Musk tó ni Starlink, yóò jọ gbé ìbánisọ̀rọ̀ láti orí sátẹ́láìtì sí fóònù wọ orílẹ̀-èdè 14 tí òun ti ń ṣòwò, tí Nàìjíríà sì wà lára wọn, iye tí yóò máa jẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń béèrè. Ohun tó yẹ kí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, kọ́kọ́ wádìí ni ìkànnì: MHz (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń dá ìkànnì rédíò mọ̀) wo ni sátẹ́láìtì náà yóò ti máa fọhùn, ta ló sì ń lò ó nílẹ̀ báyìí?

Wọ́n ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra. Ti ìgbì rédíò kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Fóònù tó wà lápò wa kì í sábà lo ju 0.2 watt lọ láti fi pe òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí òpó bá wà ní kìlómítà 2, kò sí wàhálà. Àmọ́ sátẹ́láìtì Starlink tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń fò ní nǹkan bí kìlómítà 360 lókè. Ìlọ́po 180 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ bí ọ̀nà bá jìn ní ìlọ́po 180, agbára ìgbì á dín kù ní 180 lọ́nà 180: ohun tó máa dé òkè kò ju ẹyọ kan nínú 32,400 ohun tó ń dé òpó lọ. Ìdí nìyí tí AST SpaceMobile, iléeṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, fi na eriali sátẹ́láìtì rẹ̀ BlueWalker 3, tí wọ́n gbé lọ ní 2022, tó 64 m². Eré wà níbẹ̀ náà. Kìlómítà 7.7 ni sátẹ́láìtì ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, eré yìí sì lè yẹ ìgbì kúrò lójú ibi tó yẹ kó wà tó 40 kHz, nígbà tó jẹ́ pé 15 kHz péré ló wà láàárín okùn ìgbì kan sí èkejì nínú LTE (4G). Sátẹ́láìtì ló gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ kó tó fọhùn, torí fóònù kò mọ̀ pé òkè ọ̀run lòun ń bá sọ̀rọ̀.

Ohùn tó kéré tó báyìí, òpó kan ṣoṣo tó bá wà lórí ìkànnì kan náà á bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni FCC, àjọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ NCC ní Amẹ́ríkà, ṣe là á sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 2024 pé gbogbo ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìkànnì náà jákèjádò ilẹ̀ tó so pọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn. T-Mobile, iléeṣẹ́ fóònù tó bá SpaceX ṣe é níbẹ̀, rí i ṣe torí pé òun nìkan ló ni 1910–1915 àti 1990–1995 MHz káàkiri. Síbẹ̀ ìjà àwọn aládùúgbò kò tán. Òfin ní ariwo tó bá ta sórí ìkànnì ẹlòmíì kò gbọdọ̀ ju −120 dBW/m²/MHz (òṣùwọ̀n agbára ìgbì tó ń dé ilẹ̀) lọ. SpaceX ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dé −110.6, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 9. AT&T, iléeṣẹ́ fóònù mìíràn níbẹ̀, fèsì pé iyára nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun yóò fi ìdá 18 nínú 100 wálẹ̀. FCC gbà fún SpaceX ní oṣù Kẹta 2025, pẹ̀lú àwọn àmúyẹ.

A kò lè kàn gbé ìkànnì Amẹ́ríkà yẹn wá síbí. Lọ́dọ̀ tiwa, 1920–1980 MHz ni àwọn òpó tó ń lo ìkànnì 2100 MHz fi ń gbọ́ fóònù. Bí sátẹ́láìtì bá ń pariwo ní 1990, 10 MHz péré ló wà láàárín rẹ̀ àti etí àwọn òpó náà. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ yọ 5 MHz nínú èyí tó ní jákèjádò orílẹ̀-èdè, kó sì pa á lórí òpó ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: èyí yóò dun èrò Èkó, nítorí àwọn ará oko.

Ẹnu ibodè ló tún le jù. Ẹsẹ̀ ìgbì sátẹ́láìtì kan, ìyẹn ibi tí ìgbì rẹ̀ ń balẹ̀ sí, lè fẹ̀ ju kìlómítà 20 lọ. Kò mọ aṣọ́bodè. Èyí tó bá bọ́ sí Ìmẹ̀kọ lọ́dọ̀ tiwa lè kan Kétu ní Benin. WRC-23, ìpàdé àgbáyé lórí ìgbì rédíò tó wáyé ní Dubai, kàn fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ìwádìí di 2027 ni. Títí dìgbà náà, ẹni tó bá ń lo ìkànnì fóònù láti òfúrufú wà lábẹ́ òfin 4.4 ti ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé: kò gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, bí wọ́n bá sì dí òun náà lọ́wọ́, kò lẹ́jọ́ rò. Bí òpó kan ní Benin bá fi ẹjọ́ sùn, tiwa ni yóò pa. Kí NCC àti ARCEP Bénin, àjọ ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ti tọwọ́ bọ̀wé ṣáájú; àìjẹ́bẹ́ẹ̀, ẹ̀bá ibodè tí kò ní òpó, tó nílò rẹ̀ jù, ni wọ́n máa yọ sílẹ̀.

Kí wọ́n má sì polówó rẹ̀ bí ìtànṣán ayélujára fún gbogbo ilé. Nígbà ìdánwò oṣù Kìíní 2024, Elon Musk fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí 7 Mb ní ìṣẹ́jú àáyá ni ẹsẹ̀ ìgbì kan lè gbé, gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló sì máa pín in. Kò ní wọ abẹ́ páànù. Ibi tí òpó jíjìnnà kan ṣì ń fún fóònù ní igi nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo lójú rẹ̀, fóònù á rọ̀ mọ́ ọn, kò ní wo òkè, àtẹ̀jíṣẹ́ kò sì ní lọ.

Ohun tí à ń béèrè kò ju mẹ́ta lọ: kí NCC tẹ ìkànnì náà jáde, iye agbára tó máa dé ẹnu ibodè, àti irú fóònù tó lè gbà á, kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni níwèé àṣẹ.

Àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ rédíò,
Abẹ́òkúta.